Kásẹ́ẹ̀tì Tí Mo Fi Ránṣẹ́ sí Ìtókù

Ẹni tó bá lọ sí ìlú òyìnbó láti àdúgbò wa nígbà náà, òfin ni wọ́n ń retí pé kó lọ kà, tàbí iṣẹ́ nọ́ọ̀sì, tàbí iṣẹ́ ẹ̀rọ. Èmi lọ ka ẹ̀kọ́ nípa obìnrin àti nípa aláàbọ̀ ara. Ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ sọ ọ́ lórí tẹlifóònù, Alhaji Ṣúárà ni mo sọ ọ́ fún. Aládùúgbò wa ni ní Ìtókù, òun nìkan ló sì ní tẹlifóònù ní gbogbo ọ̀nà wa. Ó ní kí n tún un sọ, mo sì tún un sọ.

"Ẹ̀kọ́ nípa obìnrin," ló wí. "Ṣé èyí tí ìyá rẹ fi ogún ọdún kọ́ ẹ kò tó ni?"

Mo ní, "Alhaji, ìyá mi ò fún mi ní ìwé ẹ̀rí."

Ó rẹ́rìn-ín, ó ní òun á jíṣẹ́ fún un pé ọmọ rẹ̀ ń béèrè ìwé ẹ̀rí.

N kò ní ro ẹjọ́ bí mo ṣe dé ibẹ̀. Ẹni tó bá ti wọ ọkọ̀ òfuurufú rí mọ bó ṣe rí. Ohun tí mo fẹ́ sọ ni ohun tí mo bá níbẹ̀, àti àṣìṣe kan tí mo ṣe tó fẹ́rẹ̀ẹ́ gba ìyá mi lọ́wọ́ mi.

Ọmọ ọdún méjì ni mí nígbà tí àrùn rọpárọsẹ̀ mú ẹsẹ̀ mi ọ̀tún. Láti ìgbà náà ni ẹsẹ̀ náà ti tín-ín-rín, ọ̀pá ni mo sì fi ń rìn. Ní Abẹ́òkúta, kò sí ẹni tí kì í dá sí i. Bí mo bá ń gòkè lọ sí Sápọ́n, obìnrin tí n kò rí rí á dá mi dúró. "Ọmọ mi, kí ló ṣe ẹ́ lẹ́sẹ̀? Pẹ̀lẹ́ o." Ẹlòmíràn á ti bẹ̀rẹ̀ àdúrà kí n tó sọ pé mo fẹ́. Ó máa ń bí mi nínú. Mo ti sọ lọ́kàn mi pé bí mo bá dé ibi tí ẹnikẹ́ni kò ní bi mí léèrè, ara á tù mí.

Mo dé ibẹ̀, ẹnikẹ́ni kò sì bi mí. Wọ́n á rí mi lókèèrè, wọ́n á wo ojú sánmà, wọ́n á wo bàtà ara wọn, wọ́n á wo ohunkóhun tí kì í ṣe èmi. Nínú ilé tí mo ń gbé, ẹnìkan wà lókè mi, ẹnìkan wà nísàlẹ̀ mi, ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kọjá a kò tíì kí ara wa. Ẹni tí wọ́n fi ẹ kú àárọ̀, ẹ kú iṣẹ́, ẹ kú ìjókòó tọ́ dàgbà, tí kò wá rí ẹni tó máa kí, ẹnu á máa yún un. Mo bẹ̀rẹ̀ sí kí kẹ́tùlù tí mo fi ń se omi tíì. Mo ní ẹ kú iṣẹ́. Òun náà ń hó.

Ẹni tó kọ́kọ́ bi mí léèrè ni bàbá arúgbó kan tí a jọ dúró de bọ́ọ̀sì. Ó wo ẹsẹ̀ mi dáadáa, ó ní, "Ṣé ogun ni?" Mo ní rárá o, àìsàn ni. Ó ní ogun ni tòun. Ó ká ṣòkòtò rẹ̀ sókè díẹ̀, ó fi ẹsẹ̀ onígi hàn mí, ó sì fi ìka lù ú kí n gbọ́. A jọ rẹ́rìn-ín títí bọ́ọ̀sì fi dé. Inú mi dùn lọ́jọ́ náà bí ẹni tó rí ará ilé. Ìgbà náà ni mo mọ̀ pé ìbéèrè kọ́ ni mo ń sá fún látilẹ̀.

Iṣẹ́ tí mo rí ni iṣẹ́ ilé ìfọṣọ ní ilé ìwòsàn kan. Ọ̀gá wa obìnrin wo ẹsẹ̀ mi, kò wo ọwọ́ mi. Ó gbé àga sí igun fún mi, ó ní kí n máa to àpò ìrọ̀rí. Àárín yàrá ni Dórísì wà, obìnrin Jàmáíkà kan tó ti pẹ́ níbẹ̀ ju ẹ̀rọ lọ, tí òun àti ẹnìkejì rẹ̀ ń ká aṣọ bẹ́ẹ̀dì. Lọ́jọ́ kan ẹnìkejì náà kò wá. Mo dìde, mo lọ di etí aṣọ mú.

Ọmọ aláró ni mí. Kí n tó mọ̀wé ni mo ti ń bá ìyá mi na aṣọ, òun á di etí kan mú, èmi á di èkejì mú, a ó fà á kó le gbọnrangandan kí a tó ká a. Ẹsẹ̀ kọ́ ni wọ́n fi ń ká aṣọ. Kó tó di ọ̀sán, a ti ká gbogbo èyí tó yẹ kó mú wa dé ìrọ̀lẹ́. Dórísì yíjú sí ọ̀gá wa, ó ní, "Èyí ni kẹ́ ẹ fún mi." Wọ́n fún un. Àga tó wà ní igun di ibi tí a ń gbé kóòtù sí.

Ní yunifásítì, ìrọ̀lẹ́ ni kíláàsì wa. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, mo débẹ̀, mo rí i pé àjà kẹta ni, kò sì sí ẹ̀rọ tó ń gbé ènìyàn gòkè. Mo gun àtẹ̀gùn náà ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Nígbà tí mo fi dé òkè, òógùn ti bò mí nínú òtútù, wọ́n sì ti ń bá ọ̀rọ̀ lọ lórí bí ayé ṣe ń yọ aláàbọ̀ ara sílẹ̀. Mo jókòó, mo mí, mo nawọ́.

Mo ní, "Ọ̀rọ̀ yín dára o. Ṣùgbọ́n èwo nínú àwọn aláàbọ̀ ara náà lẹ ń retí pé kó gòkè wá gbọ́ ọ?"

Olùkọ́ wa, obìnrin kan tó ní kí gbogbo wa máa pe òun ní Rúùtù gbẹrẹfu bí ẹni pé a jọ lọ fa omi, ojú rẹ̀ pọ́n. Ó ní mo jàre. Ní ọ̀sẹ̀ kejì, yàrá ìsàlẹ̀ ni a ti pàdé. N kò tíì pé oṣù mẹ́ta ní ìlú náà, mo ti kó odidi kíláàsì sọ̀ kalẹ̀. Mo rántí pé mo ń yan lọ sílé lọ́jọ́ náà, t'ọ̀pá t'ọ̀pá.

Ní yàrá ìsàlẹ̀ yẹn ni mo ti gbọ́ pé kì í ṣe ẹsẹ̀ mi ni wàhálà, àtẹ̀gùn ni. Ọ̀rọ̀ náà rọrùn létí, àmọ́ gbogbo ayé mi ni mo ti fi ń tọrọ àforíjì lọ́wọ́ àtẹ̀gùn. Mo fẹ́ràn ẹ̀kọ́ náà. Mo fẹ́ràn pé àwọn obìnrin tó wà níbẹ̀ lè fi wákàtí méjì jiyàn lórí ẹni tó yẹ kó máa fọ abọ́, kí wọ́n sì kọ ọ́ sínú ìwé.

Àmọ́ bí a bá ti dé orí obìnrin ilẹ̀ wa, n kò mọ ẹni tí wọ́n ń sọ mọ́. Obìnrin inú ìwé náà ti tẹ̀, ẹrù ń bẹ lórí rẹ̀, ọmọ ń bẹ lẹ́yìn rẹ̀, kò sì ní ẹnu. Mo ro ti ìyá mi àti àwọn aláró ẹgbẹ́ rẹ̀, Mùsùlùmí wọn àti Kìrìsìtẹ́nì wọn, tí wọ́n lè bú oníbàárà kí wọ́n sì tún ta aṣọ fún un lórí ìdúró kan náà. Mo sọ fún Rúùtù pé irọ́ ni ìwé náà ń pa.

"Kọ òótọ́ rẹ̀ wá nígbà náà," ló wí.

Bí mo ṣe rí iṣẹ́ àṣekágbá mi nìyẹn. Mo ní màá kọ nípa obìnrin aláró tó tọ́ ọmọ aláàbọ̀ ara dàgbà ní Ìtókù. Ìyá mi ni. Bí ìyá mi kò bá dá mi lóhùn, kò sí ìwé, kò sí oyè.

Ọjọ́ Jímọ̀, lẹ́yìn ìrun, ni ìyá mi máa ń wá jókòó sí ṣọ́ọ̀bù Alhaji láti dúró dè mí. Èmi á dúró sínú àpótí tẹlifóònù pupa kan létí títì, òtútù á máa wọlé láti ìsàlẹ̀. Ọ̀rọ̀ wa kì í gùn. Ṣé o jẹun? Mo jẹun, Màmá. Òtútù ńkọ́? Ó wà. Ṣé wọ́n ń hùwà dáadáa sí ẹ? Wọ́n ń gbìyànjú. Lẹ́yìn náà a ó dákẹ́, a ó máa gbọ́ èémí ara wa títí ìlà á fi já. N kò mọ bí ẹlòmíràn ṣe ń ṣe é, àmọ́ èmi, ìdákẹ́jẹ́ yẹn ni mo fi ń gbé ọ̀sẹ̀ kan ró.

Irú ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ béèrè kì í ṣe ọ̀rọ̀ ṣọ́ọ̀bù. Nítorí náà mo ra kásẹ́ẹ̀tì. Rúùtù ti kọ́ wa pé kí a má fi ọ̀rọ̀ tiwa dí ẹni tí à ń fi ọ̀rọ̀ wá lẹ́nu wò lọ́wọ́. Bi í, kí o sì dákẹ́. Mo ṣe bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́. N kò kí ìyá mi. N kò béèrè Gàníyù ẹ̀gbọ́n mi tó ń ṣiṣẹ́ sìmẹ́ńtì ní Ewékorò. Mo tẹ bọ́tìnnì, mo fi ohùn tí mo fi ń sọ̀rọ̀ ní kíláàsì sọ ọ́:

"Ìbéèrè kìíní. Nígbà tí ẹsẹ̀ mi rọ, ta ni wọ́n dá lẹ́bi? Ìbéèrè kejì. Kí ni ìyálé yín sọ? Ìbéèrè kẹta. Ṣé ojú tì yín nítorí mi?"

Ọmọ Òṣíẹ̀lẹ̀ kan tó ń lọ sílé ló bá mi mú un lọ. Inú mi dùn sí ara mi.

Ohun tí mo gbàgbé, kò yẹ kí ọmọ ilé wa gbàgbé rẹ̀. Kásẹ́ẹ̀tì tó bá ti ìlú òyìnbó dé kì í ṣe ti ẹnì kan. Wọ́n á tẹ́ ẹní sí àgbàlá, wọ́n á ránṣẹ́ pe àwọn aládùúgbò, wọ́n á gbé rẹ́díò lé orí àpótí. Ẹni tó wà nínú kásẹ́ẹ̀tì á máa kí wọn ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, ẹni tó bá gbọ́ orúkọ rẹ̀ á dáhùn bí ẹni pé ọmọ náà dúró níwájú òun. Mo ti jókòó sí irú àgbàlá bẹ́ẹ̀ rí. Mo ti ṣe àmín rí.

Ní ọjọ́ Jímọ̀ tí mo retí èsì, Alhaji ló gbé tẹlifóònù.

"Kí ni ìyá rẹ ṣe fún ẹ?" ló wí.

"Kò ṣe nǹkan kan, Alhaji. Kí ló dé?"

"Gbogbo wa la wà níbẹ̀. Ìyálé rẹ̀ wà níbẹ̀. Àwọn aláró wá, aró ṣì wà lọ́wọ́ wọn. A ti ń palẹ̀ àmín mọ́, ni ohùn rẹ bá jáde bí ti ọlọ́pàá. O ò kí ẹnì kankan. Ìbéèrè kìíní, ìbéèrè kejì."

Mo béèrè ohun tí ìyá mi ṣe.

"Ìyálé rẹ̀ dìde, ó gbọn aṣọ rẹ̀, ó lọ. Ìyá rẹ pa rẹ́díò, ó wọlé. Kò bá ẹnikẹ́ni sọ ọ́."

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi pè é."

"Mo ti pè é. Ó ní òun ń po aró."

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni ìyá mi fi po aró. Ní gbogbo ọjọ́ Jímọ̀ mo ń pè, Alhaji á ní ó ń po aró, á fi pẹ̀lẹ́ kún un, á sì gbé e kalẹ̀. Ojú tì mí, mo sì bẹ̀rù. N kò bẹ̀rù fún ìwé nìkan. Mo ronú pé ó lè jẹ́ pé mo ti fi ọwọ́ ara mi gé okùn kan ṣoṣo tó so mí mọ́ ilé. Rúùtù ní kí n wá ẹlòmíràn kọ nípa rẹ̀, pé àkókò ń lọ. Mo ní rárá. Agídí Ẹ̀gbá ni, àmọ́ mo tún mọ̀ pé bí mo bá wá ẹlòmíràn, màá ti gbà pé ìyá mi ti lọ.

Dórísì ló là mí lóye, láàárín aṣọ bẹ́ẹ̀dì méjì. Ó ní, "Níbo lo ti dójú tì í?" Mo ní lójú gbogbo ilé. Ó na aṣọ, ó ní, "Lórí tẹlifóònù sì lo ti fẹ́ bẹ̀ ẹ́, létí ẹnì kan ṣoṣo?"

Ní ọ̀sán ọjọ́ Àìkú, ó wá sí yàrá mi kí ẹ̀bẹ̀ náà lè ní ẹlẹ́rìí. Mo kúnlẹ̀ níwájú rẹ́díò. Ẹsẹ̀ mi ọ̀tún kì í tẹ̀ dáadáa, mo nà án sẹ́yìn, mo fi ọ̀pá gbé ara mi ró. Mo kí Alhaji. Mo kí ìyálé ìyá mi, mo fi oríkì rẹ̀ kí i. Mo kí àwọn aláró ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, mo béèrè ọmọ, mo béèrè aró. Mo wá ní, "Màmá, orí ìkúnlẹ̀ ni mo wà. Dórísì ń wò mí. Mo bá yín sọ̀rọ̀ bí ẹni tí kò ní ilé. Ojú gbogbo yín ni mo ti ṣe é, ojú gbogbo yín ni mo ti ń bẹ̀bẹ̀." Dórísì náà kí wọn ní èdè tirẹ̀. Mo kọ ìwé sí Alhaji pé kó pe gbogbo ẹni tó wà níbẹ̀ lọ́jọ́ àkọ́kọ́ kó tó tẹ bọ́tìnnì.

Èsì dé lẹ́yìn oṣù kan. Kásẹ́ẹ̀tì mi náà ni, wọ́n gba ohùn mìíràn lé orí ohùn mi. Mo gbọ́ igi tí wọ́n fi ń po aró, ó dúró, ìyá mi sì sọ̀rọ̀.

"Èmi nìkan ni mo wà níbi aró. Gbogbo wa gbọ́ ẹ̀bẹ̀ rẹ. Ìyálé mi sunkún. Ó ti tán níkùn mi. Ó yá, gbọ́ èsì rẹ.

"Èmi ni wọ́n dá lẹ́bi. Wọ́n ní mo ń ki ọwọ́ bọ aró nígbà tí mo lóyún rẹ, pé aró ló mu ẹsẹ̀ rẹ. Ìyálé mi sọ ọ́. Ìyá tó bí mi náà sọ ọ́. Wọ́n ní kí n fi aró sílẹ̀. Mi ò fi í sílẹ̀, torí bí mo bá fi í sílẹ̀, mo gbà pé èmi ni mo ṣe é nìyẹn.

"Ìbéèrè rẹ kẹta. Ojú tì mí. Odidi ọdún kan, bí àlejò bá ń bọ̀, mo máa ń gbé ẹ wọ yàrá, màá ti ilẹ̀kùn, màá ní o ń sùn. O kì í sùn. Mo máa ń gbọ́ ẹ tí ò ń dá sọ̀rọ̀. Mi ò sọ ọ́ fún ẹnì kankan rí.

"Lọ́jọ́ kan mo gbàgbé ilẹ̀kùn. Oníbàárà kan wá láti Kọ́bapẹ́. Ká tó mọ̀, o ti wọ́ jáde, o ti mú ìyẹ́ adìẹ tí mo fi ń ya àrà sí aṣọ kí n tó rẹ ẹ́, o ti fi ẹ̀kọ láfún kun aṣọ oníbàárà náà níbi tí kò yẹ. Mo gbọ́wọ́ sókè kí n gbá ẹ. Obìnrin náà ní kí n dúró. Ó nawọ́ sí ẹ, ó ní, ta ló ni ọmọ yìí? Ó pẹ́ kí n tó dáhùn. Mo ní èmi ni mo ni ín. Láti ọjọ́ yẹn mi ò ti ilẹ̀kùn mọ́ ẹ mọ́."

Inú bí mi. N kò ní parọ́. Gbogbo ọjọ́ ayé mi ni mo ti fi ń sọ pé bí gbogbo ènìyàn bá tijú mi, ìyá mi kò tijú mi. Mo pa rẹ́díò, mo jáde, mo rìn nínú òjò títí ọwọ́ tí mo fi di ọ̀pá mú fi kú tipiri. Ìgbà tí mo padà, mo tún un gbọ́. Ní ìgbà kẹta, mo ṣírò ọjọ́ orí rẹ̀. Kò tíì pé ọmọ ọdún mẹ́rìnlélógún nígbà náà, gbogbo ilé ló sì kojú sí i. Èmi tí mo ń gbọ́ ọ ti jù ú lọ. Mo sunkún fún un bí ẹni ń sunkún àbúrò rẹ̀.

Mo kọ ìwé náà. Obìnrin inú rẹ̀ kò tẹ̀, ẹnu rẹ̀ sì gbó. Rúùtù kà á tán, ó bọ́ jígí ojú rẹ̀, ó ní ohun kan ló kù: kí n yí orúkọ ìyá mi padà. Ó ní bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń ṣe, kí wọ́n lè dáàbò bo ẹni tó sọ ìdí ọkàn rẹ̀. Mo ní màá béèrè.

Ní ọjọ́ Jímọ̀, ìyá mi fúnra rẹ̀ ló gbé tẹlifóònù. Mo ṣàlàyé.

"Kí ni mo jí?" ló wí.

"Ẹ ò jí nǹkan kan, Màmá. Nítorí ọ̀rọ̀ yàrá yẹn ni. Kí ẹnikẹ́ni má baà fi yín ṣẹ̀sín."

"Ta ló ti ilẹ̀kùn?"

"Ẹ̀yin ni."

"Ta ló ní èmi ni mo ni ín?"

"Ẹ̀yin náà ni."

"Bí ẹ bá yọ orúkọ mi kúrò, ta ló wá ṣe é? Kọ ọ́ síbẹ̀."

Mo sọ ọ́ fún Rúùtù. Ó ní ìyá mi lè kábàámọ̀ lọ́la. Mo ní ó ṣeé ṣe, àmọ́ tirẹ̀ ni láti kábàámọ̀. Ó rò ó fún ọ̀sẹ̀ kan, ó fọwọ́ sí i.

Ọjọ́ tí wọ́n dán mi wò, àwọn méjì ló jókòó lẹ́yìn tábìlì, Rúùtù wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn. Àgbàlagbà ọkùnrin kan tó wá láti yunifásítì mìíràn ní kí n ka ojú ìwé àkọ́kọ́ sókè. Ní ilé wa, ọmọ kì í la orúkọ mọ́ ìyá rẹ̀ lórí. Ìyá Gàníyù ni gbogbo Ìtókù ń pè é, Màmá ni èmi ń pè é. Títí di ọjọ́ náà, orúkọ rẹ̀ kò ti ẹnu mi jáde rí. Ìwé lásán ni mo ti ń kọ ọ́ sí. Mo dìde, mo gbára lé ọ̀pá.

Mo ní, "Ràbíátù Àbẹ̀kẹ́, aláró, Ìtókù, Abẹ́òkúta."

Mo kà dé ibi yàrá, mo kà dé ibi ìyẹ́ adìẹ. Nígbà tí mo parí, bàbá náà gbé gègé rẹ̀ kalẹ̀. Ó fi ohùn pẹ̀lẹ́ bi mí bóyá obìnrin yìí mọ̀ pé à ń ka ọ̀rọ̀ òun báyìí níwájú àwọn àjèjì.

Mo ní, "Ó mọ̀. Òun ló rán mi."